Wolé-wolé Tí A Fi Láfún Rán Nílé Ìwé

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títì ọlọ́dà tó wọ abúlé wa kì í dúdú. Funfun ló máa ń jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé orí afárá. Láfún ni wọ́n sá síbẹ̀. Àwọn obìnrin wa á ru ẹ̀gẹ́ rírẹ jáde ní kùtùkùtù, wọ́n á dà á sórí ọ̀dà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ fọ́n ọn ká, wọ́n á sì to òkúta sí etí rẹ̀ kí àwọn onímọ́tò lè yà fún un. Àwọn ọlọ́kadà kì í yà. Ẹran kì í yà. Mo ti rí ewúrẹ́ tó dúró sí àárín gbùngbùn láfún, tó gbé ìrù sókè, tó ń da ìgbẹ́ sílẹ̀ kóró-kóró, tó sì tún ń jẹ láfún náà lọ. Mo ti rí awakọ̀ tó yọrí lójú fèrèsé, tó ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, tó tu ú sórí ẹrù ẹlẹ́rù. Obìnrin tó ni láfún mú ìgbálẹ̀, ó gbá a pọ̀ mọ́ èyí tó kù.

Mo ní, "Ìyá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ gbá mọ́ ọn yẹn o."

Ó ní, "Akọ̀wé, oòrùn á pa á. Kò sí ohun tí oòrùn kì í pa."

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí nítorí pé akọ̀wé ilé ìwé girama ni mí. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Láfún gan-an ni mo fẹ́ràn. Ìyá mi ń ṣe é, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò jókòó kọ́ mi. Imú àti ìka ọwọ́ ni mo fi kọ́ ọ. Mo mọ ìgbà tí ẹ̀gẹ́ rọ̀ tó nínú omi. Tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ fọ́ yángá bí iṣu tó jinná jù, kò sì gbọdọ̀ le bí igi. Ńṣe ló yẹ kó là, kí okùn àárín rẹ̀ sì yọ jáde fúnra rẹ̀. Mo mọ kíkan tó dáa, tó ń rùn bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, mo sì mọ òórùn tó ń fi hàn pé omi ti di ìdọ̀tí. Nígbà kan, mo pín ẹ̀gẹ́ rírẹ kan náà sọ́nà mẹ́rin. Mo sá ọ̀kan sórí títì, ọ̀kan sórí páànù, ọ̀kan sórí ọ̀rá dúdú nílẹ̀, mo sì sá ọ̀kan tó kù sórí pẹpẹ tí mo fi ọparun àti nẹ́ẹ̀tì kàn, tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ti títì ló kọ́kọ́ gbẹ lójú. Nígbà tí mo fọ́ kóró rẹ̀ kan, inú rẹ̀ ṣì tutù. Ti pẹpẹ gbẹ dénú, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo lọ̀ wọ́n, mo bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife omi, mo ní kó silẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ife ti títì, mo rí iyanrìn, mo rí irun ẹran, mo sì rí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ tó ń nà tí mo bá fà á. Táyà ọkọ̀ ni. Táyà tó jẹ lórí títì la ń rò lámàlà.

Mo gbé ife yẹn kiri abúlé. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi pẹpẹ han alága ìgbìmọ̀ wa, bàbá arúgbó kan tó sanra, tó jẹ́ pé òun ló ń ra láfún lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó sì ń kó o lọ sí ọjà Ṣáṣá nígboro, ó yí i po, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án.

Ó ní, "Akọ̀wé, o ti kan bẹ́ẹ̀dì fún láfún. Ìgbà wo lo máa ra píló fún un?"

Ìgbìmọ̀ tí bàbá yìí ṣe alága rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Àwọn ọmọ wa tó kàwé ti lọ sí Èkó pátápátá. Ọdún Iléyá tàbí Kérésì ni wọ́n máa ń wálé, wọ́n á gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á fi ọwọ́ bo imú, wọ́n á sì lọ. Ni a bá pàdé níwájú mọ́ṣáláṣí, àwa onígbàgbọ́ díẹ̀ àti àwọn mùsùlùmí tó pọ̀ jù wá lọ, a sì fẹnu kò: gbogbo ilé tó ń ṣe láfún á máa mú kọ́ńgò kan wá ní ọjọ́ ọjà. Ìgbìmọ̀ á tà á. Owó rẹ̀ la ó fi rán ọmọ kan nílé ìwé gíga, àmọ́ iṣẹ́ tí yóò wúlò fún abúlé ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́, kó sì padà wálé wá ṣe é. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láti ẹnu àwọn ará abúlé wa.

Ibi tí a ti ń jiyàn iṣẹ́ tó yẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mi ò lóye. Ẹnìkan ní dókítà. Wọ́n ní ìwé ẹ̀ ti gùn jù, gbogbo wa á ti kú kó tó ṣe tán. Ẹnìkan ní nọ́ọ̀sì. Alága wa ló dìde, ó ní wolé-wolé ni.

Obìnrin kan ní, "Wolé-wolé? Ṣé àwọn tó ń yọjú wo ìkòkò omi onílé?"

"Àwọn náà ni. Ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe máa ń dá ọkọ̀ wa dúró lọ́nà ni? Wọ́n á ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á ní iyanrìn wà níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó di ìgbà tí a bá tọ́jú wọn kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀. Tí ọmọ tiwa bá di wolé-wolé, ó parí. Ajá kì í gbó olówó ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Mo rò pé bàbá ń dápàárá ni. Lójú tèmi, ọmọ wa á lọ kọ́ ìmọ́tótó oúnjẹ, á padà wá kọ́ wa, láfún wa á sì di ohun tí wọ́n ń fi orúkọ abúlé wa bèèrè ní Ṣáṣá. Ohun kan náà la pàtẹ́wọ́ sí. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú gbọ́.

Ọmọbìnrin kan la mú. Ìyá rẹ̀ jẹ́ opó, kò ní oko, kò sì ní ẹ̀gẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àwọn ẹlòmíì ló ń bá wọn bó, inú yàrá kan lẹ́yìn agbo ilé alága ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Mo ti mọ ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé ife mi kiri tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló ní kí n gbé e kalẹ̀ kí òun tún un wò dáadáa. Ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ife náà bí ẹni ń wo kànga.

Ó lọ sílé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ládùúgbò Ajíbọ́dé, ló gbà á sí yàrá. Tó bá wálé fún họlidé, ilé mi ló ń kọ́kọ́ yà sí. A ó jókòó ti pẹpẹ mi, èmi á máa bèèrè, òun á máa dáhùn. Òun ló sọ fún mi pé irun dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hu lára láfún tí kò gbẹ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ó ní ohun abẹ̀mí ni, ó ní májèlé, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa májèlé náà tán. Mo ti ń rí irun yẹn láti kékeré. Ẹ wo bí inú mi ti dùn tó láti mọ ohun tó jẹ́! Mo ní kó tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n rán lọ."

Nígbà tó parí, kánsù gbà á síṣẹ́, wọ́n sì gbé e sí agbègbè wa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ kàkí rẹ̀ wọ abúlé, àwọn obìnrin fi iṣẹ́ sílẹ̀. "Wolé-wolé wa dé! Wolé-wolé wa!" Wọ́n ń fọwọ́ pa kọ́là aṣọ rẹ̀. Alága ní kó wá jẹun nílé òun, wọ́n sì pe èmi náà.

Àmàlà láfún ni ìyàwó alága gbé wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti ẹja. Ó funfun, ó ń dán, kò sí kókó kan nínú rẹ̀. Ọmọ náà jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Láfún yìí mọ́ o. Níbo lẹ sá a sí?"

Ìyàwó alága ní, "Orí òrùlé ni o, ọmọ mi. Ti ilé nìyẹn."

"Ti ilé báwo, Mọ́mì?"

"Ti jíjẹ ni mò ń wí. Ti títì, ti ọjà nìyẹn."

Alága fi omi lé òkèlè ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa jẹ láfún títì lábúlé yìí? Àwọn ará ìgboro ni ikùn wọn le. Àwọn ni kó máa jẹ ọ̀dà."

Mo ti ń rí láfún lórí àwọn òrùlé wọ̀nyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi tí mò ń wọn ìyẹ̀fun, tí mò ń wo ìsàlẹ̀ ife, mo rò pé ààyè ni kò tó wọn nílẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn láé pé wọ́n mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń gbé ife kiri bí ẹni tó fẹ́ la àwọn ènìyàn lójú, ojú wọn là kedere. Wọ́n mọ ohun tó wà lórí títì débi pé wọn kì í jẹ ẹ́.

Ọmọ náà ti dáwọ́ dúró. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, láìgbé ohùn sókè, "Àwa jẹ ẹ́."

Ìyàwó alága wo ilẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ. Láfún ni wọ́n máa ń fún ìyá rẹ̀ tó bá bá wọn bó ẹ̀gẹ́ tán, ti títì ni wọ́n sì ń bù fún un. Ohun tó jẹ dàgbà nìyẹn.

Ó ní òun fẹ́ rí ilé tí wọ́n ń kó láfún sí. Alága mú wa lọ tayọ̀tayọ̀. Ó rò pé ọmọ òun fẹ́ mọ ọrọ̀ òun. Bí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ni òórùn náà kọlù wá. Kì í ṣe òórùn kíkan. Òórùn aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpótí gbàgbé ni, pẹ̀lú òórùn eku. Òjò ti ta sí àwọn àpò kan láti òrùlé. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó ń mú kóró láfún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àkísà nu irun ara rẹ̀ kúrò. Irun náà dúdú, òmíì jẹ́ àwọ̀ ewé, òmíì pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìdí ọ̀bọ. Èyí tó bá nù tán, á sọ ọ́ sórí láfún funfun, á rò wọ́n pọ̀. Ọmọ náà ti ọwọ́ bọ àpò kan dé ìgúnpá. Nígbà tó fà á jáde, ìdin wà láàárín ìka rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, àwọn àpò yìí ò ní dé Ṣáṣá."

Alága rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá wolé-wolé! Ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀! Akọ̀wé, o gbọ́?"

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí obìnrin náà dìde jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ bébà kánsù nínú báàgì rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àgádágodo. Ìgbà yẹn ni ojú alága yí padà.

"Èmi lò ń ṣe báyìí sí? Ìwọ? Ta ló rán ẹ nílé ìwé?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Kí la fi rán ẹ?"

"Láfún ni."

"Ẹnu wo lo wá fi ń bá láfún jà?"

Ó kúnlẹ̀ kó tó dá a lóhùn, nítorí pé àgbàlagbà ni. Ó ní, "Bàbá, láfún tí ẹ̀yin ò lè jẹ ni."

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ ìyá rẹ̀. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á gbé ọ̀bẹ kúrò níwájú rẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ fún un pé, "Ìyá Wolé-wolé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ mi o. Ọmọ yín lè ní ọwọ́ yín dọ̀tí." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ìdí ọmọ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán tó fi ọwọ́ kan náà bọ inú abọ́ ẹ̀gẹ́. Mo rí i. Mo tu itọ́ sílẹ̀, mo kọjá lọ.

Lẹ́yìn náà ni alága ránṣẹ́ pe ìpàdé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò gùn: kí ọmọ náà já bébà kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn òun, tàbí kí ìyá rẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú yàrá òun. Níwájú mọ́ṣáláṣí kan náà la tún jókòó sí. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọmọ rẹ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Mo dìde, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká da èyí tó ti bàjẹ́ nù, ká kan pẹpẹ fún gbogbo ilé, mo ti mọ iye ọparun tó máa gbà. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Akọ̀wé, lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì láfún ẹ!" Mo jókòó.

Ọmọ náà ní òun gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ó ní, "Mo máa já a. Ohun kan péré ni mo fẹ́. Kí wọ́n mú nínú àpò yẹn, kí wọ́n rò ó, kí ẹ̀yin àgbà àti èmi jẹ ẹ́ pọ̀ níbí. Tí a bá jẹ ẹ́ tán, mo já bébà."

Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́ níwájú gbogbo abúlé. Wọ́n gba ojú fèrèsé bu nínú láfún náà, wọ́n lọ̀ ọ́, ìyàwó alága sì rò ó. Mo sún mọ́ ìkòkò nítorí pé mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí. Kò fà. Ó ń gé lórí omorogùn bí amọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ooru tó ń yọ lára rẹ̀ sì ń rùn bí ajá tí òjò pa. Wọ́n gbé abọ́ sí àárín, wọ́n gbé ọbẹ̀ tì í. Ẹnikẹ́ni ò na ọwọ́.

Bàbá kan ní, "Mo ti yó láti ilé."

Èkejì ní dókítà ti kìlọ̀ fún òun nípa oúnjẹ líle. Ẹ̀kẹta ní òun ń gba ààwẹ̀.

Ẹnìkan dá a lóhùn pé, "Ààwẹ̀ wo? Ṣebí bọ̀ọ̀lì lo jẹ tán yẹn, èpo rẹ̀ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?"

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn rí mi lára ju òórùn abọ́ náà lọ. Wọ́n jókòó yí májèlé tí wọ́n fẹ́ tà ká, wọ́n ń fi ọ̀nà tí kálukú ń gbà sá fún un ṣeré.

Alága kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó nawọ́ sí opó náà. Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ńkọ́? Kí ìyá ẹ̀ jẹ ẹ́ fún gbogbo wa. Ó ti mọ́ ọn lára."

Kò sí ẹni tó ní kí alága gbé ẹnu rẹ̀ pa mọ́. Obìnrin náà sún mọ́ abọ́. Ó ṣan ọwọ́, ó gé òkèlè. Ó ní, "Mo ti jẹ èyí tó burú jù báyìí lọ. Kí ọ̀rọ̀ yìí ṣáà tán."

Ọmọ rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá mi, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀."

"Jẹ́ kí n jẹ ẹ́, ọmọ mi. Níbo la máa sùn?"

"Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n jọ di òkèlè náà mú fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ náà wá tú u kúrò láàárín ìka ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ padà sínú abọ́, ó dìde. Ó ní, "Mi ò já a mọ́." Ó fa ìyá rẹ̀ sókè, wọ́n sì lọ.

Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fi ní kí ọmọ náà kó lọ sí ibòmíì. Alága mọ ẹnìkan tó mọ ẹnìkan. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ bá ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, mo gbé ife mi dání, mo ṣàlàyé irun dúdú, mo ṣàlàyé ẹ̀dọ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó wá ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ abúlé yẹn ni?" Mo ní ọmọ ibẹ̀ ni mí. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ ba ọjà yín jẹ́?" Kò gbé ohùn sókè, kò bú mi. Ó tún fún mi ní omi inú ọ̀rá kí n mu. Mi ò lè mu ún.

Wolé-wolé tuntun wá, ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ kan tí ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ dé. Ilé alága ló ti jẹun. Mo mọ èyí tí wọ́n rò fún un. Nígbà tó ṣan ọwọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ ló fi èékánná ha bébà kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sì kó àwọn àpò náà sọ́kọ̀ Ṣáṣá ní ojúmọmọ, wọ́n ń kọrin.

Opó náà kó kúrò nínú yàrá kí wọ́n tó tì í jáde. Ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí abúlé tí wọ́n gbé e lọ, lágbègbè Ọ̀nà-Àrà. Mo bá wọn gbé ìkòkò àti ẹní dé ìdí ọ̀kadà. Mo bi ọmọ náà pé báwo ni ibẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, títì ni àwọn náà ń sá a sí. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bú mi." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àmọ́ àwọn wọ̀nyẹn ò fi nǹkan kan rán mi nílé ìwé. Wọ́n kàn ń bú mi ni."

Ìyá rẹ̀ kò wẹ̀yìn.

Mo rò pé wọ́n máa pa ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù tì. Wọn ò pa á tì. Wọ́n ní a ṣàṣìṣe ni, a ò yẹ ọmọ wò dáadáa ká tó mú un, ọmọ tí kò ní baba ni a mú, irú wọn kì í mọ oore. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, a ó bi wọ́n ní ìbéèrè. Mo lọ sí ìpàdé náà nítorí pé èmi ni mò ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, mo sì fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ìbéèrè yẹn.

Wọ́n pe ọmọbìnrin kan wọlé, ọmọ àbúrò alága. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá ni. Orí rẹ̀ pé. Mo mọ máàkì rẹ̀ nítorí ilé ìwé wa ló lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Kò sí ẹni tó bi í léèrè nípa ìṣirò tàbí nípa omi tàbí nípa àìsàn.

Alága ní, "Tí o bá di wolé-wolé, kí lo máa ṣe fún wa?"

Ọmọ náà ní, "Màá máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, Bàbá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá tó gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ sí pàtẹ́wọ́ jù wọ́n lọ. Inú ọmọ náà dùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín sí èmi náà. Kò mọ nǹkan kan. Ìdáhùn tí wọ́n ní kó há sórí ló sọ.

Alága yíjú sí mi. "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. A ti rí ọmọ."

Mo ní, "Ẹ wá ẹlòmíì tó máa kọ ọ́." Mo fi bírò lé orí tábìlì, mo dìde.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

Itọ́ olómi ti kún ẹnu mi, irú èyí tó máa ń ṣáájú èébì. Mo yára jáde, mo yà sẹ́yìn ògiri, mo fi ọwọ́ ti ògiri, mo bì. Nínú ilé, wọ́n ti ń gbàdúrà fún ọmọ náà. Lemọ́mù ní kí Ọlọ́run là á lọ́yẹ, kó sì jẹ́ kí ìwé rẹ̀ wúlò fún abúlé. Gbogbo wọn ṣe àmín, wọ́n ṣe é gígùn, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn.